Aáyù Orí Àtẹ Ṣì Wà Láàyè

Bí ẹ bá ra odidi aáyù lọ́jà Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, ẹ má tíì gbé e lórí ọlọ. Ẹ yọ ẹyọ kan lára rẹ̀, ẹ bó o, kí ẹ sì fi ọ̀bẹ là á sí méjì láti ṣóńṣó dé ìdí. Ẹ wo àárín rẹ̀ dáadáa. Ẹ ó rí ohun tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó dúró gbọnrangandan láàárín ẹran funfun náà. Bí aáyù ọ̀hún bá ti pẹ́ lórí àtẹ, ohun tẹ́ẹ́rẹ́ náà yóò ti máa ṣe àwọ̀ ewé. Ewé tó fẹ́ yọ nìyẹn. Ẹran funfun tó yí i ká, tí a ń lọ̀ sínú ọbẹ̀, ewé lòun náà. Oúnjẹ tó kó pamọ́ sínú ló mú kó wú bẹ́ẹ̀. Ibi líle pẹlẹbẹ tó wà nísàlẹ̀ ni igi rẹ̀, bó tilẹ̀ kúrú, ibẹ̀ sì ni gbòǹgbò yóò gbà jáde.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ dì mú nìyí: aáyù tí a rà ṣì wà láàyè. Ó ń mí. Ó ń fa ọ́síjìn sínú, ó ń tú kábọ́ọ̀nù-dàì-ọ́ksáìdì síta, ó sì ń jẹ díẹ̀díẹ̀ nínú oúnjẹ tó ní nípamọ́. Oorun ló ń sùn, ó ń retí kí ojú ọjọ́ jí i. Ìdí tí aáyù tí a gbìn ní gúúsù Èkìtì kì í fi í ta bíi ti Òkè Ọya, ìdí tó fi ń hù bí a bá gbé e jáde nínú fíríìjì, ìdí tí òórùn rẹ̀ fi ń pòórá nínú ìkòkò, inú ọ̀rọ̀ kan yìí ni ìdáhùn gbogbo wọn wà.

Aáyù tí à ń jẹ láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìṣẹ̀ àti Emùré, Òkè Ọya tàbí ilẹ̀ Ṣáínà ló ti ń wá. Ṣáínà nìkan ló ń gbin èyí tó ju ìdajì gbogbo aáyù ayé lọ. Ní Nàìjíríà, Sokoto, Kebbi, Katsina, Kano àti Jigawa ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n gbìn. Ní agbègbè Wurno àti Goronyo ní Sokoto, wọ́n ń fi omi odò Rima bomi rin oko lẹ́yìn tí òjò bá ti dá. Ìdídò Goronyo tí wọ́n parí ní 1984 wà lórí odò yẹn kan náà. Wọ́n á gbin aáyù bí ọyẹ́ bá ti ń súnmọ́lé, wọ́n á sì wú u kí òjò tuntun tó dé. Ọkọ̀ akẹ́rù ló ń gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ìparí oṣù Kejì ọdún 2021, àwọn oníṣòwò oúnjẹ láti Òkè Ọya dá ọkọ̀ wọn dúró fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, kíá ni owó alùbọ́sà fò sókè kárí ilẹ̀ Yorùbá. Ìgbà yẹn ló hàn gbangba pé ọ̀nà jíjìn ni ọbẹ̀ wa gbára lé.

Kí ló wá dé tí Sokoto fi rí i ṣe? Mo máa ń gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ pé ilẹ̀ wa ni kò gbà á. Ilẹ̀ wa kò jẹ̀bi. Ẹ jẹ́ ká padà sí ibi tí aáyù ti ṣẹ̀, ìyẹn àárín gbùngbùn Éṣíà, níbi tí òkè gíga wà tí yìnyín sì ń bo ilẹ̀ fún oṣù mélòó kan lọ́dọọdún. Ohun ọ̀gbìn tó bá ń gbé irú ibẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ìgbà, nítorí bó bá jí láàárín yìnyín, ikú ni. Aáyù wá di ẹni tó ń ka òtútù. Lẹ́yìn tí òtútù bá ti bá a fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, tí ojú ọjọ́ wá ń móoru, tí ojúmọmọ sì ń gùn sí i, ó mọ̀ pé ó tó àkókò láti dá ọmọ. Nígbà náà ni èéhù kéékèèké máa ń pín nídìí rẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan á wú di ẹyọ. Bí kò bá rí òtútù kà, ewé lásán ni yóò máa yọ, tàbí kí ìdí rẹ̀ wú di roboto kan ṣoṣo tí kò pín.

Ní Sokoto, bí ọyẹ́ bá mú, òru lè tutù dé ìwọ̀n 15 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó sì lè dín sí i. Ní Ìkẹ́rẹ́, ọyẹ́ tó mú gan-an kì í sábà mú òru wa lọ sísàlẹ̀ 17. Ti ìmọ́lẹ̀ náà tún wà níbẹ̀. Ojúmọmọ tó kúrú jù níhìn-ín, nínú oṣù Kejìlá, kò dín púpọ̀ sí wákàtí 11 àti ìṣẹ́jú 40. Èyí tó gùn jù, nínú oṣù Kẹfà, jẹ́ nǹkan bíi wákàtí 12 àti ààbọ̀. Ní Jinxiang, lágbègbè Shandong ní Ṣáínà, níbi tí aáyù ti jẹ́ olórí ọ̀gbìn, ojúmọmọ oṣù Kẹfà ju wákàtí 14 lọ. Irú aáyù tó ti mọ́ lára láti máa retí ojúmọmọ gígùn bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe fún un ní Emùré. Àwọn kan nínú ti Ṣáínà sì wà tí wọ́n ti fi oògùn dí ìhù wọn kí wọ́n tó gbé wọn wọkọ̀ ojú omi. Èyí tó ti Òkè Ọya wá ni kí ẹ fi ṣe irúgbìn. Ó lè má tóbi, àmọ́ àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ti ń ṣà á gbìn láti ìran dé ìran, ó sì ti mọ bí a ṣe ń fi òtútù kékeré àti ojúmọmọ kúkúrú dá ọmọ.

Òtútù tí ọ̀run kò fún wa, fíríìjì lè fún wa. Ẹ ra irúgbìn nínú oṣù Kẹsàn-án. Ẹ mú odidi tó le, tó wúwo lọ́wọ́, tí kò bu níbì kankan. Ẹ má bó o, ẹ má sì tú u. Ẹ fi sínú àpò pépà, kí ẹ gbé e sí ìsàlẹ̀ fíríìjì níbi tí ìwọ̀n rẹ̀ wà láàárín 5 sí 10, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ẹ má gbé e dé ibi tí omi ti ń di yìnyín. Omi tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ yóò di yìnyín, yóò sì ya sẹ́ẹ̀lì náà, irúgbìn yín á kú. Mo mọ̀ pé iná wa kì í dúró. Bí tiyín bá ń lọ fún ọjọ́ méjì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ gbé àpò yín fún ẹni tó ń ta ẹlẹ́rìndòdò tó ní jẹnẹrétọ̀, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ kó bá yín tọ́jú rẹ̀ sí kọ̀rọ̀ kan.

Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá ló yẹ kó wọlẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ fẹ́ gbìn ín gan-an ni kí ẹ tó tú odidi sí ẹyọ. Ẹ gbin àwọn tó tóbi, kí ẹ jẹ àwọn tó kéré, nítorí oúnjẹ tó wà nínú ẹyọ ni ewé àkọ́kọ́ yóò fi yọ kó tó rí oòrùn lò. Aáyù tí à ń gbìn kì í so irúgbìn bíi ti ata. Ara ìyá la ń pín gbìn. Ọmọ yóò jọ ìyá pátápátá, bí ìyá bá sì ní àrùn, ọmọ á jogún rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí n kò fi fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbin èyí tí wọ́n ṣà jù sílẹ̀ lábẹ́ àtẹ.

Ilẹ̀ ẹsẹ̀ Òkè Olósùnta àti Orólè ní Ìkẹ́rẹ́, iyanrìn rẹ̀ pọ̀, nítorí òkúta àwọn òkè náà ló ń rún di ilẹ̀ láti ayébáyé. Omi kì í dúró nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, aáyù sì fẹ́ràn ìyẹn, àmọ́ ọ̀rá ilẹ̀ náà kì í pọ̀, ó ń fẹ́ ìgbẹ́ adìyẹ. Ìgbẹ́ tó ti jẹrà fún oṣù mẹ́ta ni mo ń wí; tútù rẹ̀ á jó gbòǹgbò. Lọ́nà Ìṣẹ̀ àti Emùré, níbi tí àkùrọ̀ wà lẹ́bàá odò, ọ̀rọ̀ yí padà: ọ̀rá wà, omi ló pọ̀ jù. Ẹ kọ bẹ́ẹ̀dì tó ga dáadáa níbẹ̀. Eérú igi díẹ̀ tí ẹ bá pò mọ́ ilẹ̀ yóò dín kíkan rẹ̀ kù. Ẹ ki ẹyọ kọ̀ọ̀kan bọlẹ̀ ní ìwọ̀n oríkèé ìka kan, ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀, ṣóńṣó rẹ̀ lókè, kí àlàfo ẹyọ kan sí èkejì tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15. Ẹ fi koríko gbígbẹ bò ó. Koríko náà yóò pa omi mọ́, yóò sì jẹ́ kí ilẹ̀ tutù díẹ̀ lọ́sàn-án. Ẹ máa bomi rin ín láàárọ̀. Bó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ wú u, ẹ dáwọ́ omi dúró.

Ọjọ́ wíwú ló gba ọgbọ́n jù lọ. Bí ẹ bá wo ewé aáyù láti òkè, ẹ tọ ọ̀kan nínú rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ẹ ó rí i pé ìsàlẹ̀ ewé yẹn ló yí odidi náà po tó di awọ tín-ín-rín kan lára rẹ̀. Ewé kan, awọ kan. Ewé tó bá gbẹ tán, awọ tirẹ̀ nínú ilẹ̀ ti ń jẹrà nìyẹn. Nítorí náà, bí àwọn ewé ìsàlẹ̀ bá ti gbẹ, tí márùn-ún tàbí mẹ́fà tó wà lókè ṣì tutù, ẹ wú u. Àwọn awọ tó kù yẹn ni yóò dáàbò bò ó nígbà tó bá wà nílé. Ẹni tó bá dúró kí gbogbo ewé gbẹ, yóò wú odidi tó ti ya, tí ẹyọ rẹ̀ ti ń ṣubú. Níhìn-ín, òjò oṣù Kẹta kì í dúró de ẹnikẹ́ni, bó bá sì rọ̀ sórí aáyù tó ti gbó, jíjẹrà ló kù.

Mi ò ní tàn yín jẹ. Pẹ̀lú gbogbo wàhálà yìí, aáyù Ìkẹ́rẹ́ yóò kéré sí ti Wurno, àwọn mìíràn yóò sì di roboto tí kò pín. Ẹ má sanwó fún ẹni tó bá ní òun ń ta irúgbìn aáyù tí yóò sọ yín di olówó ní Èkìtì. Ohun tí mo gba gbogbo ilé níyànjú láti gbìn ni ewé aáyù. Ewé kò nílò òtútù, kò nílò ojúmọmọ gígùn. Ẹyọ mẹ́wàá nínú garawa tó ti ya, tí ẹ dá ihò sí ìdí rẹ̀, lè hù ní oṣù yòówù. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, ẹ ó máa gé ewé rẹ̀ sínú ẹyin díndín àti ọbẹ̀ ẹ̀fọ́. Òórùn rẹ̀ rọ̀ ju ti ẹyọ lọ, ó sì dùn.

Ó tó àkókò ká sọ̀rọ̀ ìpamọ́, torí ibẹ̀ ni mo ti ń rí ìpàdánù jù. Aáyù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wú, ẹ má fi omi fọ̀ ọ́. Ẹ gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára rẹ̀, ẹ so ó rọ̀ níbòji níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, títí awọ rẹ̀ yóò fi máa dún bíi pépà. Lẹ́yìn náà, ẹ rántí pé ohun abẹ̀mí ni. Láàárín ìwọ̀n 5 sí 18 ni aáyù ti ń tètè jí láti oorun, ìwọ̀n fíríìjì sì bọ́ sáàárín ibẹ̀. Fíríìjì tó dára fún irúgbìn ni kò dára fún èyí tí a fẹ́ jẹ. Bí ẹ bá gbé e jáde, kò ní pẹ́ hù. Ooru ilé wa, tó sábà máa ń wà láàárín 25 sí 30, kì í jẹ́ kó jí. Ọ̀rinrin ló ń pa á. Láti oṣù Keje sí Kẹsàn-án, afẹ́fẹ́ wa kún fún omi, aáyù inú ọ̀rá náílọ́ọ̀nù á làágùn sórí ara rẹ̀, á sì bu. Àwọn ìyá wa àgbà tí wọ́n ń so irúgbìn àgbàdo rọ̀ lórí àjà ìdáná mọ ohun tí wọ́n ń ṣe: afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ, ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Apẹ̀rẹ̀ tàbí àpò àwọ̀n tí ẹ gbé kọ́ sítòsí ibẹ̀, tí iná kò lè ra á, ló yẹ aáyù. Èyí tó bá hù, ẹ lè jẹ ẹ́. Ẹ yọ ewé kékeré àárín rẹ̀ bí ẹ kò bá fẹ́ kíkorò. Èyí tó bá bu, ẹ jù ú nù.

Ẹ jẹ́ ká wọ ilé ìdáná báyìí. Ẹ gbé ẹyọ aáyù tí ẹ kò tíì gé sí imú. Òórùn rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹ fi ìdí ọ̀bẹ tẹ̀ ẹ́ fọ́, ilé á gbà á. Níbo ni òórùn náà wà tẹ́lẹ̀? Kò sí níbì kankan. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é ni. Nínú sẹ́ẹ̀lì aáyù, ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní alliin, imí-ọjọ́ wà lára ohun tó para pọ̀ di í, kò sì ní òórùn. Ẹ́ńsáìmù kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ alliinase. Iyàrá kejì ló ń gbé, ògiri sì wà láàárín àwọn méjèèjì. Bí ọ̀bẹ, ọlọ tàbí eyín kòkòrò bá wó ògiri náà, wọ́n pàdé, alliin á sì di allicin tó ń ta sánsán. Lọ́dún 1944 ni Chester Cavallito àti John Hays Bailey yọ allicin sọ́tọ̀ ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì fi hàn pé ó ń pa bakitéríà nínú àwo àyẹ̀wò. Ohun ìjà ni fún aáyù. Kòkòrò tó bá bù ú jẹ ni yóò kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe gàrí ní Ìṣẹ̀ mọ irú iṣẹ́ yìí. Ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú ní ohun kan àti ẹ́ńsáìmù rẹ̀ tí ògiri pín níyà. Bí ẹ bá rìn ín, wọ́n pàdé, májèlé sáyánáìdì á tú jáde, á sì máa fẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ti ń fún un tí ẹ sì ń yan án. Ọgbọ́n kan náà ni ẹ̀gẹ́ àti aáyù ń lò láti gbèjà ara wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé à ń lé ti ẹ̀gẹ́ lọ, à ń wá ti aáyù.

Iná ń ba ẹ́ńsáìmù jẹ́. Ohun tó yẹ kí gbogbo alásè mọ̀ nìyẹn. Ẹ fi ẹyọ mẹ́ta dán an wò nílé pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ẹ sọ èkíní sínú omi gbígbóná ní odidi, kó hó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ fọ́. Ẹ tẹ èkejì fọ́, kí ẹ sì dà á sínú òróró gbígbóná lójú ẹsẹ̀. Ẹ tẹ ẹ̀kẹta fọ́, ẹ fi í sílẹ̀ lórí pákó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó tó kan òróró. Kí àwọn ọmọ gbóòórùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí wọ́n tọ́ wọn wò, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Èkíní yóò rọ̀, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn bí ọ̀dùnkún, nítorí ẹ́ńsáìmù ti kú kí ògiri tó wó. Ẹ̀kẹta ni yóò lágbára jù, torí iṣẹ́ ti parí kí iná tó dé. Allicin fúnra rẹ̀ kì í pẹ́ lórí iná. Ó ń yí padà di àwọn nǹkan mìíràn tó ń fún ọbẹ̀ ní òórùn dídùn. Nítorí náà, ẹni tó bá ń se ọbẹ̀ ata, kó lọ aáyù rẹ̀ ṣáájú, kó fi í sílẹ̀ títí yóò fi bọ ẹran tán, kó sì fi díẹ̀ sọ́wọ́ láti fi kún un bí ọbẹ̀ bá fẹ́ sọ̀. Kó má jẹ́ kó jóná nínú òróró, nítorí á korò, iyọ̀ kò sì lè tún un ṣe. Bí aáyù tí ẹ fi sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ bá di àwọ̀ ewé tàbí búlúù, ẹ má bẹ̀rù; imí-ọjọ́ inú rẹ̀ àti kíkan ọsàn náà ló fà á, kò lóró.

Òórùn ẹnu tó ń tẹ̀lé e kì í ṣe ẹ̀bi eyín. Lára ohun tí allicin ń yí sí, ọ̀kan wà tó ń gba inú ìfun wọ ẹ̀jẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ gbé e dé ẹ̀dọ̀fóró, tí à ń mí i síta fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Fífọ ẹnu kò lè dé ibẹ̀. Bí ẹ bá mu mílíìkì pẹ̀lú oúnjẹ náà, ó máa ń dín in kù.

Ibi tí mo ti ń bẹ̀bẹ̀ nìyí. Ọ̀pọ̀ ilé ló ti ń lọ aáyù àti atalẹ̀ báyìí, tí wọ́n á da òróró lé e nínú ìgò, tí wọ́n á sì gbé e sórí pẹpẹ. Bakitéríà kan ń gbé inú ilẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni Clostridium botulinum. Ó ń bá aáyù wálé láti oko, híhó omi kò pa á bó bá ti wọ inú èèpo líle rẹ̀, ó sì ń gbèrú níbi tí afẹ́fẹ́ kò bá sí, bíi nínú òróró. Oró tó ń tú jáde kò ní òórùn, kò ní adùn, ó sì ń rọ iṣan títí kan èyí tí a fi ń mí. Ní 1985, ní ilé oúnjẹ kan ní Vancouver ní Kánádà, èèyàn 36 ló kó àrùn tí oró yìí ń fà lára aáyù inú òróró tí wọn kò tọ́jú sínú fíríìjì. Èyí tí ẹ bá lọ̀, ẹ gbé e sínú fíríìjì, kí ẹ lò ó tán láàárín ọjọ́ mélòó kan, tàbí kí ẹ jẹ́ kó dì pátápátá nínú àwo yìnyín. Èyí tó bá ti sùn sórí pẹpẹ nínú òróró, ẹ dà á nù.

Aáyù àti oyin tí à ń lò fún ikọ́, ẹ má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan. Bakitéríà yìí kan náà lè wà nínú oyin. Ẹ má fi aáyù tútù di ara ọmọdé, ó ń bó awọ bí ẹni fi iná jó o. Ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tàbí ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, kó sọ fún dókítà rẹ̀ bó bá ń jẹ aáyù tútù púpọ̀. Òótọ́ ni pé ìwádìí ti fi hàn pé ó lè dín ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ kù díẹ̀. Díẹ̀ ni. Ẹ jẹ ẹ́ nínú ọbẹ̀ yín bó ṣe wù yín, àmọ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà kọ fún yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí aáyù dá a dúró.